Olimbi Gbé Ẹ̀rọ Áísìkirímù Wọ Korçë

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù Sotiraq dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní ìlú Korçë, lórílẹ̀-èdè Albéníà, tí wọ́n sì ká tapólì kúrò lórí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló tú síta. Àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ gbé ṣíbí wọn dání wá. Ohun tí wọ́n rí funfun, ó ní ikùn rọ̀bọ̀tọ̀ bí aboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀, ó ní ọwọ́ irin kan níwájú, wáyà dúdú kan tó nípọn bí ejò sì so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni," ẹnì kan wí.

"Ìfọṣọ wo? Kí ni ìfọṣọ fẹ́ fi ọwọ́ irin ṣe? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ owó ni. Sotiraq ti dolówó!"

Olimbi, ìyàwó Sotiraq, bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń lé adìẹ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Áísìkirímù ló ń ṣe. Áísìkirímù gidi, tó ń tutù títí dé egungun eyín. Kí ooru ọdún yìí tó mú, ẹ ó ti máa lá a níbí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lọ́dún náà, ènìyàn ń tò láti ra búrẹ́dì, òróró ìdáná ò sì tó kárí. Áísìkirímù wá kẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn ò dun Olimbi rárá. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ dúró lójú kan.

Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń hun súwẹ́tà. Nígbà tí ìjọba àtijọ́ wó, ilé-iṣẹ́ náà wó tẹ̀lé e. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n dé ibẹ̀ tí wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, kò sì pẹ́ tí àwọn aráàlú fi kó fèrèsé, páànù, àní àti bíríkì ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Sotiraq tó ń wa ọkọ̀ fún ìjọba rí ọkọ̀ náà gbà dípò owó oṣù tí wọn ò san, ọkọ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá wù ú ló ń gbéra. Olimbi bá tẹ̀ lé àwọn obìnrin kan, wọ́n fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí Gíríìsì. Ní ìlú Florina, ó rí iṣẹ́ ìfọkòkò sí ilé ìpápánu Ìyáàfin Evanthia, opó kan tí oríkèé ọwọ́ ń dà láàmú. Nígbà tí ọwọ́ ìyá náà ò gbé ẹ̀rọ mọ́, Olimbi ló bọ́ sídìí rẹ̀. Ohun tó mú un lọ́kàn níbẹ̀ kì í ṣe adùn áísìkirímù, bí kò ṣe ìgbà tí wàrà bá ń yí, tó ń yí bí omi lásán, tó wá ṣàdédé gbára jọ, tó ki. Bó ti ń rí i tó, ara rẹ̀ kì í yé bù máṣọ. Nígbà tí Ìyáàfin Evanthia ra ẹ̀rọ tuntun, ó fi ti àtijọ́ ta Olimbi lọ́rẹ. "Gbé e lọ sílé," ló wí. "Ṣé ẹ̀yin náà ò lẹ́nu ni?"

Sotiraq wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé òun àti ẹ̀rọ náà, ibodè Kapshticë sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìjà. Aṣọ́bodè tó dá wọn dúró jẹ́ ọkùnrin kan tí irunmú rẹ̀ le bí búrọ́ọ̀ṣì. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ó fi kóńdó gbá a.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀rọ áísìkirímù ni, ọ̀gá," Olimbi dáhùn.

"Kò sí nínú ohun tí wọ́n ní ká máa jẹ́ kó kọjá. Kò sì sí nínú ohun tí wọ́n ní ká dá dúró. Kí wá ni kí n ṣe sí i?"

"Ẹ pè é ní ẹ̀rọ ìfọṣọ."

"Ṣé ó ń fọṣọ ni?"

"Kì í fọṣọ, sà."

"O wá fẹ́ kí n purọ́ fún ìjọba."

Ẹnu Sotiraq kì í gbé jẹ́ẹ́. "Ọ̀gá, ìjọba tá a sin lọ́jọ́sí, irọ́ ló ń jẹ láàárọ̀, irọ́ ló ń jẹ lálẹ́, títí tó fi kú."

Olimbi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yára bọ́ síwájú. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ọjọ́ tá a bá ṣí ilé ìtajà wa, ẹ kó ìyàwó àtàwọn ọmọ yín wá. Tó bá jẹ́ pé ohun mìíràn ló tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí áísìkirímù, ẹ gbé e, ẹ gbé èmi náà mọ́ ọn."

Aṣọ́bodè náà wo ẹ̀rọ, ó wo obìnrin. Irunmú rẹ̀ mì díẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ò jẹ ẹ́ rí," ó wí bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbé igi ojú ọ̀nà sókè. "Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ o! Korçë ò tóbi, mo máa rí yín."

Bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ délé nìyẹn. Sotiraq ò tilẹ̀ jẹ́ kó sinmi tó fi ti wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri. Pàù! Iná kú nílé wọn, ó kú nílé tó tẹ̀ lé e, ó kú títí dé ìpẹ̀kun òpópónà. Igbe ta láti ilé dé ilé. Oníná tí wọ́n pè gbọn orí. "Iná onílà mẹ́ta ni ẹ̀rọ yín ń jẹ. Ìlà kan ṣoṣo ló wọ ilé yín. Ẹ lọ tọrọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì iná."

Ọ́fíìsì ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọ̀la dé, wọ́n ní ọ̀la. Ọ̀la bí ọ̀la, ọ̀la bímọ, ó bí ọmọ ọmọ. Ní ọjọ́ kan tí Olimbi ń bọ̀ láti ibẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà àtijọ́ kọjá, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ilé búrẹ́dì ìjọba tí wọ́n ti tì pa. Wáyà kan tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ wọ inú ògiri rẹ̀ lọ, irú èyí tó ń gbé iná onílà mẹ́ta. Olimbi dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, obìnrin àgbà nínú kóòtù òtútù, ó ń sáré lójú títì bí ọmọdé, títí tó fi dé ọ́fíìsì ìlú.

"Ilé búrẹ́dì?" ni akọ̀wé ibẹ̀ wí. "Èkúté ló ń gbébẹ̀."

"Èmi àti wọn máa yanjú rẹ̀. Ẹ sáà yá mi."

Kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ. Wọ́n yá a. Ìyá Sotiraq, Mama Parashqevi, ìyá arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ò tẹ̀, ló fi ìgbálẹ̀ lé èkúté jáde. Ó ń lé wọn, ó ń bú wọn bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ilé. Wọ́n kun ilé náà ní ẹfun. Wọ́n ti wáyà bọ ara ògiri, gbogbo wọn sì di ojú. Ẹ̀rọ náà kùn, ó mì tìtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Olimbi gbá ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó fò sókè, ó sì balẹ̀ sórí bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ ìṣílé dé ní oṣù Karùn-ún. Wàrà tí wọ́n lò wá láti Voskopojë lórí òkè, lọ́dọ̀ Rakip, darandaran kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń fi ìbaaka gbé agolo wàrà sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Olimbi ṣe oríṣi méjì: ọ̀kan tí wọ́n fọ́ àsálà sí, ọ̀kan tí wọ́n fi èso pupa kíkan kan ṣe, irú èyí tó kún gbogbo àgbàlá ìlú náà. Kí oòrùn tó kanrí, ìlà àwọn oníbàárà ti kọjá ìyánà. Aṣọ́bodè onírunmú sì wà nínú wọn, ó wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ tò sí i lẹ́yìn. Ó lá èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un. Gbogbo ènìyàn ń wò ó lẹ́nu.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ," ó kéde.

Hòò! ni gbogbo ìlà dáhùn. Mama Parashqevi jókòó sídìí àpótí owó, ojú rẹ̀ ń ṣọ́ ìlà bí àṣá, ó sì rí ọmọdékùnrin kan tó ń já ìlà. "Ìwọ ọmọ Thoma! Mo rí ẹ! Padà sẹ́yìn, àbí o rò pé ojú mi ti fọ́?"

Bí ayé ṣe ń dùn lọ́wọ́ báyìí, ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

"Wọ́n ti mú iná!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn kérora. Nínú ikùn ẹ̀rọ, áísìkirímù kan kún ibẹ̀ bámúbámú tí kò tíì gbára jọ dáadáa, oòrùn sì ń ràn lórí páànù. Sotiraq di orí mú. "Ó ti tán. Ó máa yọ́ dànù."

"Kí ló máa yọ́ dànù?" Olimbi gun orí àga. Ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ̀yin ará Korçë! Wọ́n ti mú iná, áísìkirímù ò sì ní dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá nílé nítòsí, kó sáré lọ mú abọ́ wá! Ìdajì owó! Mímu la ó mu ún!"

Háà, ẹ ò rí eré! Ènìyàn fọ́n ká bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí. Wọ́n padà wá pẹ̀lú ife tíì, àwo ọbẹ̀, kẹ́tùrù. Bàbá kan tí ilé rẹ̀ jìnnà bọ́ fìlà rẹ̀, Mama Parashqevi sì ní òun ò ní bu nǹkan sí inú ohun tó ti gbé orí gbígbóná láti ìgbà ogun. Wọ́n mu ún tán pátápátá. Wọ́n fi ìka nu ìsàlẹ̀ ike. Nígbà tí iná dé, kò sí nǹkan tó kù láti dì, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó wà nínú ìlà ò gbà láti lọ sílé.

Ṣùgbọ́n iná ń lọ lójoojúmọ́, ènìyàn ò sì lè máa ta áísìkirímù nínú ife títí ayé. Rakip ló yanjú ọ̀ràn náà, nígbà tó ń tú agolo wàrà kúrò lẹ́yìn ìbaaka.

"Ẹ́ńjìnnì kan wà lábúlé wa," ló wí. "Òun ni wọ́n fi ń fa omi sí oko ìjọba. Adìẹ ló ń yé sórí rẹ̀ báyìí."

"Kí lẹ máa gbà lórí ẹ̀?" Olimbi béèrè.

Rakip ronú títí. "Ẹ gbé áísìkirímù wá fún gbogbo abúlé lọ́jọ́ àjọ̀dún wa. Kí àwọn ìyá wa tí wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ náà tọ́ ọ wò."

Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà wá, Sotiraq sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan so ó mọ́ ẹ̀rọ amúnáwá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dáhùn, ó hó, ó wúkọ́, ó pọ èéfín dúdú bí ọkọ̀ ojú irin. Aládùúgbò tó ń gbé òkè yọ orí lójú fèrèsé, ó ń ṣépè. Olimbi bu àwo kan fún un. Èpè náà dúró lágbede méjì. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí iná bá lọ, òun gan-an ló máa ń pariwo: "Ẹ tan ẹ́ńjìnnì yín o! Ẹ má jẹ́ kó yọ́!"

Ọjà tó bá ń tà kì í dá wà pẹ́. Ní ọdún kejì, Vangjush, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ọkọ̀ ojú omi rí, ṣí tirẹ̀ sí òdìkejì títì gan-an. Ìyẹ̀fun tí wọ́n kó wá láti Tọ́kì ni Vangjush ń pò pọ̀ mọ́ omi. Tirẹ̀ ń dán, ó ní àwọ̀ ewé, ó ní àwọ̀ ojú ọ̀run, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́ kí wọ́n lè máa yọ ahọ́n wọn han ara wọn. Láàárín ooru kan ṣoṣo, ìdajì ìlà Olimbi ti sọdá títì. Ìjà ẹnu wá bẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà a sì máa dúró láàárín títì láti gbọ́ ọ.

"Olimbi!" Vangjush á ké láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Mo gbọ́ pé màlúù Rakip ti ṣu sínú ike ẹ!"

"Ó sàn ju tìẹ tó ti inú àpò sìmẹ́ǹtì jáde! Ẹni tó bá jẹ tìẹ tán, kó má sún mọ́ bíríkì o, kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn!"

Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wọlé, Olimbi á máa ronú. Kò lè ta ọjà pọ́ọ́kú bíi ti Vangjush. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn abúlé fúnra rẹ̀, ó ń kó ohun tó bá so lásìkò: èso pupa kíkan, ọ̀pọ̀tọ́, èso àjàrà. Oṣooṣù ló ń gbé adùn tuntun jáde. Àwọn ìyàwó ilé á máa bi ara wọn lọ́jà pé, "Kí ni Olimbi ń ṣe lóṣù yìí?" Ìlà rẹ̀ kún padà, kódà ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ilé oúnjẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ni wá gbà á.

Ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ agbówó wọ ìlú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ní Albéníà nígbà yẹn. Gbé owó rẹ fún wọn lónìí, kó o máa gba èlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó náà fúnra rẹ̀ kí oṣù díẹ̀ tó pé. Olùkọ́ kúrò ní kíláàsì, àgbẹ̀ ta màlúù, àwọn kan ta ilé tí wọ́n ń gbé. Vangjush ta ẹ̀rọ rẹ̀, ó kó gbogbo owó náà lé wọn lọ́wọ́, ó sì gbé àga síwájú ilé kọfí, ó ń mu ún láti àárọ̀ dalẹ́.

"Olimbi, ṣé o ṣì ń pò?" á bi í. "Ẹ wo ọwọ́ obìnrin yìí, ó ti bó! Èmi, owó mi ló ń pò fún mi."

Sotiraq ò lè sùn mọ́. "Ká ta ẹ̀rọ yìí," ló ń sọ. "Ọdún kan péré, owó rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́ta."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" Olimbi béèrè.

"Wọ́n ń ṣòwò."

"Òwò kí ni?"

Sotiraq ò mọ̀. Olimbi bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó kọrí sí ọ́fíìsì wọn. Ìlà tó wà níbẹ̀ gùn ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tó dé iwájú, ọmọbìnrin tó ń gbowó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Èló lẹ fẹ́ fi sílẹ̀?"

"Kí n tó fi nǹkan sílẹ̀, ọmọ mi, mo fẹ́ bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Èmi, áísìkirímù ni mò ń ṣe. Kí lẹ̀yin ń ṣe?"

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo òsì. "Owó, mà. Owó la ń ṣe."

"Níbo ni wàrà rẹ̀ wà?"

"Mà?"

"Ó dáa. O ṣeun, ọmọ mi." Olimbi padà sílé, ó so épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ náà, òun ni kó kọ́kọ́ tà. Wọ́n jà. Wọ́n jà tó fi jẹ́ pé Mama Parashqevi fa ọmọ rẹ̀ létí pé, "Gbọ́ tìyàwó mi!" Sotiraq ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yẹn kì í ṣe ti gbígbà. Ní ìkọ̀kọ̀, ó lọ ta ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó sì kó owó rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, nínú yìnyín, àwọn ilé-iṣẹ́ agbówó náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbowó sá lọ. Ẹkún bo ìlú, ẹkún di ìbínú, àwọn èèyàn já ilé ohun ìjà àwọn sójà, ìbọn sì wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Sotiraq wọ inú bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. Ìgbà yẹn ni Olimbi tó mọ ibi tí ọkọ̀ wọ̀ sí.

Kò pariwo. Kò sáyè fún un. Àwọn oníbọn ti kó ilé ìṣègùn ẹranko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtajà wọn, wọ́n ti kó ilé ìtajà aṣọ, wọ́n sì ń bọ̀ sọ́hùn-ún. Olimbi dúró ti bẹ́ẹ̀dì.

"Sotiraq, dìde. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú mọ́tò."

Ó bi ògiri pé, "Mọ́tò wo?"

"Ti ẹ̀rọ wa. A máa tú u pátá, a máa fọ́n ọn ká ìlú. Jẹ́ kí wọ́n wá kó ìgbálẹ̀."

Sotiraq yí ojú kúrò lára ògiri. Ó dìde, ó wá sípánà rẹ̀. Láti ìgbà tí owó rẹ̀ ti lọ, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ bàtà.

Wọ́n tú ẹ̀rọ náà tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Aládùúgbò òkè gba mọ́tò, ó rì í sínú àgbá àjàrà òfìfo. Ẹ́ńjìnnì wọ ilé olórin ṣọ́ọ̀ṣì. Rakip so abẹ irin tó ń yí wàrà mọ́ ìbaaka, ó sì gun òkè lọ bí ẹni tó ń kó igi ìdáná. Ikùn ńlá náà ni wọ́n gbé sórí bẹ́ẹ̀dì Mama Parashqevi, wọ́n fi kúbùsù bò ó, ìyá sì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí bàbá yín ti kú," ló wí, "mi ò bá nǹkan tó tutù báyìí sùn rí. Bẹ́ẹ̀ òun náà tutù o."

Àwọn ọ̀dọ́ oníbọn dé ilé búrẹ́dì náà nírọ̀lẹ́, wọ́n bá ilẹ̀ òfìfo. Wọ́n kó àga, wọ́n yọ ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wọn lọ kan ilẹ̀kùn ilé Olimbi.

"Ìyá, ibo ni áísìkirímù wà?"

"Inú ikùn rẹ ló wà, ìwọ ọmọ Thoma!" Mama Parashqevi dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "O ti ń jẹ ẹ́ láti ọmọdé. Ìyá rẹ mọ̀ pé o gbé ìbọn? Jẹ́ kí n dìde ná!"

Ọmọ Thoma ò dúró kó dìde.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ díẹ̀, tí igi èso sì ti ń tanná, Olimbi ní àkókò tó. Gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wálé, àwọn kan nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, àwọn kan lórí èjìká. Wọ́n tò ó jọ. Rakip ló dé gbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ sílẹ̀. Ìbaaka ti yọ̀ ṣubú lójú yìnyín lórí òkè, abẹ irin náà sì ti tẹ̀ bí ìwo àgbò. Sotiraq gbìyànjú láti nà án. Ó kán sí méjì.

Irú abẹ bẹ́ẹ̀, Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe é, ibodè sì wà ní títì. Bí wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀, òjìji kan bọ́ sí ẹnu ọ̀nà tí kò nílẹ̀kùn. Vangjush ni. Ó ti gbẹ, kóòtù rẹ̀ ń rọ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ aṣọ́komásùn tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko. Ohun kan tí wọ́n fi àkísà wé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nígbà tí mo ta ẹ̀rọ mi," ó wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, "abẹ kejì rẹ̀ kù sílé. Kò ní wọ tiyín. Ṣùgbọ́n tá a bá fi fáìlì rẹ́ ẹ lára díẹ̀..."

Gbogbo ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì àti màlúù ń yí lọ́kàn Olimbi. Níkẹyìn ló sọ pé, "Kí lò ń dúró síta sí? Àbí o fẹ́ kí n wá ṣílẹ̀kùn fún ẹ ni?"

Ẹ̀rín pa wọ́n, pàápàá nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn. Sotiraq àti Vangjush rẹ́ irin náà láti àárọ̀ títí ọwọ́ wọn fi bó, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ó wọ̀ ọ́! Olimbi da wàrà sí i. Ẹ̀rọ kùn. Ó yí, ó yí bí omi lásán. Ó ń yí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣàdédé gbára jọ, ó ki, ara Olimbi sì bù máṣọ bíi ti ọjọ́ kìíní.

Àwọn ènìyàn ti gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè. Wọ́n ń bọ̀ láti gbogbo ọ̀nà, àwọn tó ti lo gbogbo òtútù náà nínú ilé pẹ̀lú fèrèsé títì. Nígbà tí wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ jáde, inú bàbá kan dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi yin ìbọn sójú ọ̀run. Gbàà! Gbogbo ìlà dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wèrè wo nìyẹn?" Mama Parashqevi pariwo lábẹ́ tábìlì. "Ẹni tó bá tún yìnbọn, kò ní lá nǹkan kan níbí títí ó fi kú!"

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku, wọ́n sì tò padà bí wọ́n ṣe wà. Àwọn kan kó ìbọn wọn lọ sílé kí wọ́n tó padà wá tò.

Vangjush ò lọ mọ́. Ó mọ ojú omi, ó sì mọ àwọn onílé ìtura tó wà létí adágún ńlá ní Pogradec. Ooru yẹn ló sọ fún Olimbi pé ọ̀kan nínú wọn ń wá ẹni tí yóò máa gbé áísìkirímù wá fún un, ṣùgbọ́n ó ti lérí pé òun ò ní gba ohun tó bá ti rọ̀. Òkè Plloça wà láàárín, ọ̀nà rẹ̀ sì kún fún kòtò.

"A ń lọ," Olimbi wí.

Sotiraq yá ọkọ̀ kan. Wọ́n kó ike áísìkirímù sínú àpótí onígi, wọ́n to yìnyín àti iyọ̀ yí i ká, wọ́n sì fi koríko gbígbẹ dí i. Oòrùn ń jó. Sotiraq wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, Olimbi ń ké pé "Yára!", Vangjush tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí ń ké pé "Rọra!" Agbo àgùntàn dí ọ̀nà lórí òkè. Olimbi bọ́ sílẹ̀, ó fi épírọ́ọ̀nù rẹ̀ lé gbogbo wọn wọ inú igbó, darandaran náà sì la ẹnu sílẹ̀. Omi iyọ̀ ti ń kán lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n rí adágún náà nísàlẹ̀, ó ń dán gbinrin.

Onílé ìtura náà jáde, ó ká apá lé àyà. Vangjush ṣí ike. Ọkùnrin náà mú ṣíbí gígùn kan, ó gún un sínú rẹ̀. Ṣíbí náà dúró ṣánṣán.

Ó bù, ó tọ́ ọ wò, ó tún bù ú. "Ẹ gbé ìyókù wọlé," ló wí. "Ẹ lè mú wá lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́," Olimbi dáhùn, kó tó di pé Sotiraq lè la ẹnu.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń gbé àpótí wọlé, Olimbi ti wà létí omi, omi ń ṣàn wọ bàtà rẹ̀. Ó bi apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe léèrè ohun tó wà ní òdìkejì lọ́hùn-ún.

"Struga ni. Orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn nìyẹn, mà."

"Mo mọ̀," Olimbi wí. "Ta ló ń ta áísìkirímù níbẹ̀?"